Ooru, òtútù, ínsúlínì àti iṣan: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá ṣáá

Ìbéèrè kan náà ló ń wá. Ẹnì kan á béèrè ẹ̀ láàárọ̀, ẹlòmíì á tún béèrè ẹ̀ lálẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló wà lókè, àwọn tó ń fa orí fífọ́ wà nísàlẹ̀.

Kí ni ínsúlínì ń bá iṣan ṣe gan-an?

Ká kọ́kọ́ gbọ́ ara wa yé ná. Iṣan tí mò ń sọ níbí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o, ẹran ara tó ń fà tó ń sún ni, ẹran itan, ẹran apá, ẹran ẹ̀yìn ojúgun, èyí tá a fi ń rìn tá a fi ń gbé ẹrù. Tí wọ́n bá fi ínsúlínì àti ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn láti wo ibi tí ṣúgà ń gbà, nǹkan bí 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà tí ínsúlínì kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, inú iṣan ló ń lọ.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń jẹ́ GLUT4, òun ló ń gbé ṣúgà kọjá lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Tẹ́ ẹ ò bá tíì jẹun, inú àwọn àpò kéékèèké ló máa ń wà, bí ọkọ̀ dánfó tí wọ́n gbé sí gáréèjì. Ínsúlínì ni agbèrò. Ìta ló dúró sí tó ń pariwo, àwọn purotéènì tó wà nínú ilé, ìyẹn inú sẹ́ẹ̀lì, IRS-1, PI3K, Akt, AS160, á máa gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn títí á fi dé gáréèjì, GLUT4 á wá jáde wá sí bọ́sítọ́ọ̀pù kó èrò. Tí ínsúlínì bá lọ, ọkọ̀ á padà wọlé. Ẹ fi agbèrò yìí sọ́kàn, mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ínsúlínì inú ìgò tí oòrùn ti pa lẹ ń sọ?

Rárá o, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù. Ooru tó ń ba ínsúlínì jẹ́ nínú ìgò yàtọ̀, ooru awọ níbi tẹ́ ẹ gún abẹ́rẹ́ sí yàtọ̀, ooru inú iṣan fúnra ẹ̀ tún yàtọ̀. Ti inú iṣan ni mo wá sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè dáhùn ti ìgò kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ni kó wà, 2 sí 8°C, kó má sì sún mọ́ ibi tó ń di yìnyín torí ínsúlínì tó bá ti dì pẹ́nrẹ́n kò wúlò mọ́, kódà kó yọ́ padà. Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ka ara páálí ẹ̀, òmíì ní kó má kọjá 25°C, òmíì ní 30°C. Ní 2021, Médecins Sans Frontières, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ káàkiri ayé, àti Yunifásítì Geneva gbé àbájáde kan jáde nípa àgọ́ Dagahaley tí àwọn tó sá kúrò nílùú wọn ń gbé ní Kẹ́ńyà. Ooru inú ilé níbẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín 25 sí 37°C, agbára ínsúlínì náà ò sì dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ wá gbé e sórí dáṣíbọọ̀dù mọ́tò o, inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn ọ̀sán kọjá 37 dáadáa.

Ẹni tí iná ò sí ládùúgbò ẹ̀ lè lo ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Mohammed Bah Abba, tíṣà kan láti Jigawa, gba ẹ̀bùn Rolex torí irú ìkòkò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewébẹ̀ àti èso ló ní lọ́kàn nígbà tó ṣe é. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ní Èkó nígbà òjò, ẹ má retí pé ó máa tutù tó bẹ́ẹ̀.

Mo gún abẹ́rẹ́ tán, mo lọ wẹ omi gbígbóná, ṣúgà mi já wálẹ̀. Ṣé iṣan mi ló yá sí i ni?

Awọ ni, kì í ṣe iṣan. Ooru ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lábẹ́ awọ, ínsúlínì tẹ́ ẹ gún síbẹ̀ á wá tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Omi gbígbóná lè fà á, oòrùn lè fà á, kéèyàn máa fi ọwọ́ ra ojú abẹ́rẹ́ náà lè fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí abẹ́rẹ́ bá jìn wọ inú ẹran dípò ọ̀rá abẹ́ awọ, pàápàá tẹ́ ẹ bá tún wá fi ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ gún un sí rìn lọ sọ́jà.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé òógùn ooru àti òógùn tí ṣúgà tó já ń fà jọra, èèyàn á máa fẹ́ ara ẹ̀ lábẹ̀bẹ̀, á ní ooru lásán ni. Ẹ fi ìwẹ̀ gbígbóná jìnnà díẹ̀ sí àsìkò abẹ́rẹ́, tí ara yín ò bá sì lélẹ̀, ẹ fi mítà wò ó kẹ́ ẹ tó fẹ́ ara yín.

Irú iṣan mélòó ló wà?

Ẹ wo inú ìkòkò ọbẹ̀ yín. Ẹran àyà adìyẹ funfun, ti itan ẹ̀ ṣú. Adìyẹ kì í fò lọ síbì kankan, tó bá ti fò dé orí ògiri ó parí, àmọ́ gbogbo ọjọ́ ló fi ń dúró, tó ń rìn, tó ń tú ilẹ̀. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ báyìí máa ń kún fún mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn ṣe agbára, àti myoglobin tó ń di ọ́síjìn mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ síbẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n. Èyí tó jẹ́ pé kó gbéra lẹ́ẹ̀kan kó sinmi ni iṣẹ́ tiẹ̀, funfun ló máa ń jẹ́, ṣúgà tó ti kó pamọ́ ló ń jó, kì í dúró de ọ́síjìn.

Lára èèyàn wọ́n pín in sí irú 1 tó ń fà díẹ̀díẹ̀ tí kì í tètè rẹ̀, irú 2A tó yára tó sì tún mọ ọ́síjìn lò, àti irú 2X tó yára jù tó sì tètè ń rẹ̀. Eku tún ní 2B lé e. Gbogbo ẹ̀ ló máa ń dàpọ̀ nínú iṣan kan, àmọ́ soleus, ẹran pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ojúgun tó ń jẹ́ ká lè dúró láì ṣubú, irú 1 ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lára eku láàbù, àwọn méjì tí wọ́n máa ń fi wéra ni soleus yìí àti EDL, iṣan iwájú ojúgun tó ń gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ méjèèjì sórí bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín kẹ́ ẹ tó dá wọn mọ̀, soleus pọ́n bí obì pupa, EDL ràn bí àyà adìyẹ tútù.

Irú wo ló ń gbọ́ ti ínsúlínì jù?

Èyí tó pọ́n. Irú 1 lára èèyàn ní GLUT4 ju irú 2 lọ, ibi tí ínsúlínì ń lẹ̀ mọ́ pọ̀ lára ẹ̀ jù, ẹni tí irú 1 bá sì pọ̀ nínú iṣan ẹ̀, ínsúlínì sábà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún un. Soleus eku náà ń gba ṣúgà ju EDL lọ tí ínsúlínì bá ti dé.

Àmọ́ àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di pé iṣan tó lọ́ra ló ń gbọ́ràn, èyí tó yára ò ń gbọ́ràn. Irọ́ ni jàre. Ẹ pa ẹyẹlé, ẹ wo àyà ẹ̀, ó pọ́n kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan tó yára ló pọ̀ níbẹ̀, ó kàn jẹ́ irú tó mọ ọ́síjìn lò torí pé ẹyẹlé ń fò jìnnà ni. Lára eku, irú 2A yìí ń gba ṣúgà tó irú 1, nígbà míì ó tún ń jù ú lọ, 2B ló máa ń gbẹ́yìn. Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi ìyára sílẹ̀.

Ṣé iṣan kì í wà ní 37°C ní gbogbo ìgbà ni?

Kì í wà. 37 yẹn, ti inú lọ́hùn-ún ni. Tẹ́ ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, iṣan ẹsẹ̀ lè wà ní nǹkan bí 33 sí 35°C, bó bá sì ṣe sún mọ́ awọ tó ló ṣe ń tutù tó. Tẹ́ ẹ bá sáré gidi, ó lè kọjá 39. Tẹ́ ẹ bá ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù fún ìgbà pípẹ́, ẹran tó wà lápá òde lè wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30.

Kí wá ni ooru àti òtútù ń ṣe sí iṣẹ́ ínsúlínì nínú iṣan?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì máa ń yára tí ooru bá pọ̀. Tí ooru bá fi 10°C lọ sókè, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù á yára tó ìlọ́po 2 sí 3, Q10 ni wọ́n ń pe ìṣirò yẹn. Torí náà iṣan tó wà ní 37 á jẹ ṣúgà ju èyí tó wà ní 27 lọ, ínsúlínì wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi ni pé kì í ṣe gbogbo ipele ni òtútù ń mú bákan náà. Ẹ gbé sẹ́ẹ̀lì sínú yìnyín, ní 4°C, ínsúlínì á ṣì lẹ̀ mọ́ ibi tó ń gbà á, kódà kì í tètè já kúrò mọ́. Àmọ́ kò sí ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ti le bí òrí inú ọyẹ́, àpò kankan ò lè rìn débẹ̀ kó dà pọ̀ mọ́ ọn. Agbèrò ń pariwo, ọkọ̀ kankan ò sítáàtì. Kó gbóná dé nǹkan bí 20, àwọn àpò yẹn ṣì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìgbà tó bá wọ 30 lọ sókè lẹ máa rí ìdáhùn gidi. Ẹni tó bá sọ pé òtútù kì í jẹ́ kí ínsúlínì lẹ̀ mọ́ iṣan kò gbà á níbi tó yẹ, ọ̀rọ̀ gáréèjì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbèrò.

Tó bá wá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, láti nǹkan bí 41 lọ, purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa ṣe àwọn purotéènì kan tó ń tún èyí tó lọ́ pọ̀ ṣe, HSP72 ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Soleus eku ti ní HSP72 nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ju iṣan funfun lọ, kí ooru kankan tó dé rárá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wò ó ní láàbù?

Wọ́n á yọ iṣan lódindi lára eku, láti tẹ́ńdọ̀nì dé tẹ́ńdọ̀nì, láì gé e láàárín, wọ́n á ki í sínú omi oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Krebs tí afẹ́fẹ́ 95% ọ́síjìn àti 5% carbon dioxide ń hó nínú ẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún á gba ínsúlínì, ti òsì ò ní gbà, kó lè jẹ́ pé eku kan náà ni wọ́n fi ń wéra. Wọ́n á wá fi 2-deoxyglucose, ohun kan tó jọ ṣúgà tí wọ́n ti sàmì sí, sínú omi náà, iṣan á gbà á wọlé bí ṣúgà àmọ́ kò ní lè jó o tán, á wọ́ jọ síbẹ̀ tí wọ́n á fi lè kà á. Gbogbo ẹ̀ á wà nínú wọ́tà báàtì, ẹ̀rọ olómi tó ń di ooru mú síbi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sórí wọ́tà báàtì yẹn ni gbogbo ìjà tó kù dá lé.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń lo 30°C nígbà tí ara eku wà ní 37?

Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn ni. Nínú ara, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń gbé ọ́síjìn dé ẹ̀gbẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Inú abọ́ láàbù, kò sí ẹ̀jẹ̀, ọ́síjìn gbọ́dọ̀ ti ara òde rá wọlé fúnra ẹ̀, bí iyọ̀ ṣe ń wọ ẹran tí wọn ò gé wẹ́wẹ́, ẹ̀yin náà ti jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ rí níbi ìnáwó, ẹ̀yìn ẹ̀ dùn, àárín ẹ̀ tẹ́. Ní 37, iṣan ń jó ọ́síjìn ju bó ṣe ń rá wọlé lọ, àárín ẹ̀ á wá gbẹ. Tẹ́ ẹ bá gbé e wá sí 30, ohun tó ń béèrè á dín kù dáadáa, èyí tó ń wọlé á sì tó o.

Tó bá jẹ́ pé àárín iṣan náà kàn ń kú lásán ni, wàhálà ò bá kéré. Àìtó ọ́síjìn fúnra ẹ̀ máa ń ti GLUT4 jáde síta. Ó ń gba ọ̀dọ̀ AMPK, purotéènì tó ń mọ̀ tí agbára sẹ́ẹ̀lì bá ń lọ sílẹ̀, ọ̀nà tó fara jọ èyí tí eré ìdárayá ń gbà, kò sì nílò ínsúlínì kankan. Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé iṣan tí ẹ ò fún ní ínsúlínì ti ń gba ṣúgà bí nǹkan míì, tẹ́ ẹ bá wá fi ínsúlínì sí i, ìyàtọ̀ ò ní pọ̀. Ọkọ̀ ti jáde kí agbèrò tó lanu. Ẹ̀yin á wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣan yìí ò gbọ́ ti ínsúlínì, nígbà tó jẹ́ pé èémí ló ń wá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn míì fi ń lo eku kékeré tí iṣan ẹ̀ ò tíì nípọn, tàbí iṣan eku ilé tó jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 10 péré, tàbí epitrochlearis, iṣan apá tó tín-ín-rín bí ewé, kí wọ́n lè lo 35 tàbí 37 láì fún un lọ́rùn. 30 náà ní ìyà tiẹ̀ ṣá. Gbogbo nǹkan á lọ́ra, ínsúlínì á pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ dé òpin, tẹ́ ẹ bá wá wò ó ní ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ máa ń wò ó ní 37, ẹ máa rò pé agbára ẹ̀ kéré.

Nígbà náà, ṣé soleus àti EDL ń ṣe bákan náà tí ooru bá yí padà?

Méjèèjì ń yára tí ooru bá lọ sókè, ibẹ̀ ni ìjọra parí sí. Soleus ló ń jẹ ọ́síjìn jù, òun ni àìtó ọ́síjìn kọ́kọ́ máa ń fún lọ́rùn ní 37 tó bá nípọn. EDL lè fi ṣúgà tó kó pamọ́ rọ́nà, á máa tú lactate, ohun tó ń ṣẹ́ kù tí wọ́n bá jó ṣúgà láìsí ọ́síjìn, síta, á sì dà bíi pé ara ẹ̀ le. Torí náà tẹ́ ẹ bá fi àwọn méjèèjì wéra ní 37 pẹ̀lú iṣan eku ńlá, ẹ ti rẹ́ soleus jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ tó yẹ kó hàn láàárín pupa àti funfun á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyàtọ̀ irú iṣan nínú àwọn iṣẹ́ àtijọ́, ìyàtọ̀ nípọn àti ọ́síjìn wà nínú ẹ̀. Mi ò sọ pé irú iṣan ò ṣe pàtàkì o. Mò ń sọ pé kẹ́ ẹ bi í léèrè, "ìwọ iṣan yìí, ṣé o ń mí?" kẹ́ ẹ tó bi í bóyá ó gbọ́ ti ínsúlínì.

Mo ka iṣẹ́ méjì tí wọ́n ta kora. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti kọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ wá ìwọ̀n ooru, ẹ wá bí eku ṣe wúwo tó, ẹ wo ìṣẹ́jú tí ínsúlínì lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà iṣan tí wọn ò fún ní ínsúlínì, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, iná lọ láàárín iṣẹ́, gẹ́ńẹ́rẹ́tọ̀ ò tètè dáhùn, nígbà tí iná máa dé padà, wọ́tà báàtì ti wálẹ̀ sí 31, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó nínú wa. Iṣan àárọ̀ ọjọ́ yẹn àti ti ọ̀sán wá dà bí ti ẹranko méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bú ínsúlínì tuntun tá a rà pé ayédèrú ni, àfi ìgbà tí ẹnì kan wo ìwé tá a ń kọ tẹmómítà sí tó rí i pé ọ̀sán yẹn ṣófo, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i. Láti ìgbà yẹn, tẹmómítà tèmi lọ́tọ̀ ló máa ń wà nínú omi, mi ò gba nọ́ńbà iwájú ẹ̀rọ gbọ́ mọ́.

Ìwẹ̀ gbígbóná ńkọ́, ṣé ó lè mú kí ínsúlínì ṣiṣẹ́ sí i fún alátọ̀gbẹ?

Àmì wà pé ó lè ràn án lọ́wọ́. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine gbé ìròyìn kékeré kan jáde nípa alátọ̀gbẹ 8 tí wọ́n ń jókòó sínú omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 3. Ṣúgà àárọ̀ wọn wálẹ̀ láti 182 sí 159 mg/dl. Èèyàn 8 péré ni ṣá, kò sì sí àwọn míì tí wọn ò wọ omi tí wọ́n lè fi wọ́n wé, torí náà ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ torí báfù.

Lára eku, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn eku tí wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, tí wọ́n sì ń mú ara wọn gbóná dé nǹkan bí 41°C fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, iṣan wọn ò ya etí dídi sí ínsúlínì bíi ti àwọn tí wọn ò mú gbóná. HSP72 pọ̀ nínú iṣan wọn, JNK, purotéènì tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ ínsúlínì nínú sẹ́ẹ̀lì, sì rọlẹ̀. Ìyẹn wá bá ohun míì mu, torí wọ́n ti rí i pé HSP72 kéré nínú iṣan àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì. Ẹ kíyè sí i pé ooru ọjọ́ yẹn gan-an kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbí, ohun tí iṣan kọ́ lẹ́yìn tí ooru ti lọ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú tipiri nítorí àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ ki í bọ omi gbígbóná láì jẹ́ pé ẹlòmíì ti fọwọ́ kàn án wò, torí kò ní mọ̀ tó bá ń jó o.

Òtútù wá ńkọ́? Mo gbọ́ pé òun náà dára.

Ó dáa, ó sì tako ara ẹ̀ lójú ẹni tó bá wò ó láìfara balẹ̀. Ní 2015, àwọn ará Maastricht ní Netherlands mú alátọ̀gbẹ irú kejì 8, wọ́n ń fi wọ́n sí yàrá 14 sí 15°C fún wákàtí 6 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Iṣẹ́ ínsúlínì lára wọn fi nǹkan bí 43% dára sí i. Gbogbo ayé ti ń retí pé ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń mú ara gbóná ló máa ṣe é, àmọ́ ìyípadà tó dé bá ìyẹn kéré. Inú iṣan ni GLUT4 ti jáde sí awọ sẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà ínsúlínì fúnra ẹ̀ ò sì yí padà. Ọkọ̀ ń jáde láì jẹ́ pé agbèrò pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló wá tì í jáde? Ní 2021 wọ́n tún un ṣe, àmọ́ wọ́n ṣọ́ ọ kí ara má gbọ̀n, àǹfààní yẹn ò sì jáde mọ́. Nígbà tó tún yá, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan tó sanra gbọ̀n dáadáa fún wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, ara wọn wá gba ṣúgà dáadáa sí i. Gbígbọ̀n ni iṣẹ́ tí iṣan ń ṣe, iṣan tó bá sì ń fà máa ń gba ṣúgà. Tẹ́ ẹ bá wà ní Ìbàdàn tẹ́ ẹ wá ń béèrè yàrá 14°C, ẹ kúkú rìn lọ rìn bọ̀, iṣan ò mọ̀ bóyá òtútù ló mú un fà tàbí òkè Mápó.

Tí ooru bá ń ran iṣan lọ́wọ́, kí ló dé tí ṣúgà máa ń lọ sókè tí ibà bá mú mi?

Torí ibà kì í ṣe ooru nìkan. Àìsàn ń tú cortisol àti adrenalin, họ́mọ́ọ̀nù tí ara ń lò nígbà ìnira, jáde, pẹ̀lú àwọn kẹ́míkà tí àwọn sójà ara fi ń jà, gbogbo wọn ló ń sọ fún iṣan pé kó má dá ínsúlínì lóhùn, wọ́n sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà síta. Ooru náà wà níbẹ̀, àmọ́ ohùn tiẹ̀ ò ròkè nínú ariwo yẹn. Ẹni tó ń gún ínsúlínì kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nígbà ibà torí pé kò jẹun, ó yẹ kó máa wo ṣúgà ẹ̀ léraléra ni, kó sì pe dókítà ẹ̀.

Wọ́n yẹ ṣúgà mi wò lẹ́yìn tí mo mu omi glúkóòsì, ìta tó gbóná ni mo jókòó sí. Ṣé ó lè yí nọ́ńbà padà?

Ó lè yí i padà. Tí ooru bá mú yín, ẹ̀jẹ̀ á máa sáré gba awọ apá kọjá láì dúró fún iṣan láti mú ṣúgà nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wá fà níbẹ̀ á jọ èyí tó ń ti ọkàn bọ̀, ṣúgà inú ẹ̀ á ga. Ara kan náà, ọjọ́ kan náà, yàrá tó ní ẹ́síì lè fún un ní nọ́ńbà tó kéré sí ti abẹ́ táápólì. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yín kan ń bọ́ sí etí ààlà ni, ẹ sọ fún wọn, kí wọ́n tún un ṣe níbi tó tutù.

Ṣé iṣan irú 1 ni àtọ̀gbẹ máa ń bá jà jù?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ní 2001 àwọn ará Dẹ́nímáàkì wo sẹ́ẹ̀lì iṣan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, inú irú 1 ni GLUT4 ti dín kù, irú 1 fúnra ẹ̀ sì tún kéré sí ti àwọn tí ara wọn le. Èyí tó yẹ kó gbọ́ràn jù ló wá ń ya etí dídi. Eré ìdárayá ń mú GLUT4 pọ̀ sí i nínú irú iṣan tó bá ṣiṣẹ́, ó sì ń yí 2X sí 2A, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló ti ń wálẹ̀.

Mo ní nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n ní 30°C. Ṣé mo lè fi Q10 ṣírò ohun tó máa jẹ́ ní 37?

Mo mọ̀ pé ó ń wù yín. Ẹ má ṣe é. Q10 wà fún ohun kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ wọ̀n yìí sì jẹ́ ọ̀pọ̀ nǹkan tó dì pọ̀, ínsúlínì tó ń lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹlòmíì, àpò tó ń rìn, GLUT4 tó ń gbé, hexokinase, ẹ́ńsáìmù tó ń di ṣúgà mú. Kálukú wọn ló ní Q10 tiẹ̀. Èyí tó lọ́ra jù ní 30 lè má jẹ́ òun ló lọ́ra jù ní 37.

Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí Q10 kan fún soleus, ẹ ò lè fi ṣe ti EDL. Ẹ tún wo o, iṣan tí kò gba ínsúlínì àti èyí tó gbà á kì í fi ìwọ̀n kan náà lọ sókè, torí náà iye tí ínsúlínì fi kún un, tó jẹ́ òun gan-an lẹ ń wá, ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú ìṣirò yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n ní 37 pẹ̀lú iṣan tó tín-ín-rín, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ ní 30 kẹ́ ẹ sì kọ 30 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gàdàgbà níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.